James Brindley, ọkùnrin tó gbẹ́ odò gba abẹ́ òkè

Ẹni tó bá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, tó rí àwọn ọkọ̀ ojú omi gbọọrọ, tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ń rọra gba inú odò àtọwọ́dá lọ, lè rò pé nǹkan ìgbafẹ́ lásán ni. Lóòótọ́, ìgbafẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí, àmọ́ òwò ló bí i, James Brindley sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ la ọ̀nà náà.

Ọdún 1716 ni wọ́n bí i ní Tunstead, lágbègbè Derbyshire. Kò rí ilé ìwé lọ bó ṣe yẹ, ìwé kíkọ sì nira fún un títí tó fi kú. Lọ́dún 1733 ló lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Abraham Bennett, ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ ìlọkà tí omi ń yí. Nígbà tó gba òmìnira, ó dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ nílùú Leek. Wọ́n ní bí iṣẹ́ kan bá ti ta kókó, orí ibùsùn ni Brindley máa ń gbà lọ, kò sì ní í dìde títí tí ìṣirò náà yóò fi tò nínú orí rẹ̀.

Ọdún 1759 ni ìràwọ̀ rẹ̀ yọ. Ìjòyè kan tó ń jẹ́ Duke of Bridgewater ní èédú ilẹ̀ ní Worsley, ṣùgbọ́n owó tó ń ná an láti kó o dé Manchester ń jẹ èrè rẹ̀ tán. Brindley bá a gbẹ́ odò. Nígbà tí wọ́n kan odò Irwell, kàkà kó sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, afárá ló kọ́, ó sì gbé omi tirẹ̀ gba orí afárá náà kọjá. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ní oṣù Keje, ọdún 1761, ọkọ̀ ń kọjá lórí, ọkọ̀ ń kọjá nísàlẹ̀. Àṣírí rẹ̀ kò ju amọ̀ lọ: ó po ó mọ́ omi, bí àwọn baba wa ṣe ń po amọ̀ ilé, ó fi tẹ́ ìdí odò náà, omi kò sì rí ibi jò. Nígbà tí odò náà dé Manchester, owó èédú já sí nǹkan bí ìdajì.

Iṣẹ́ tó le jù bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1766, nígbà tí Josiah Wedgwood, ìlú-mọ̀ọ́ká amọ̀kòkò tí ẹrù rẹ̀ ń fọ́ lójú ọ̀nà eléèkúta, bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́ fún odò tí yóò so Trent pọ̀ mọ́ Mersey. Òkè pọ̀ lọ́nà yìí. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga díẹ̀, Brindley á ṣe iyàrá olómi tó ní ìlẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn: ọkọ̀ á wọlé, wọn á tilẹ̀kùn, wọn á tú omi sí i, ọkọ̀ á sì léfòó dé òkè. Kí omi àti owó má baà ṣòfò, ẹsẹ̀ bàtà 7 péré ni ìbú iyàrá náà. Ìdí tí àwọn ọkọ̀ náà fi tẹ́ẹ́rẹ́ títí dòní nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìhá yìí kó bá àwọn oníṣòwò nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé.

Òkè Harecastle ni kò ṣeé gùn. Brindley ní òun yóò gba abẹ́ rẹ̀, ihò náà sì gùn tó yáàdì 2,880. Àpáta le, omi ń ya bo àwọn òṣìṣẹ́, ẹ̀rọ tí ooru omi ń wà ni wọ́n fi ń fà á jáde. Kò sí ojú ọ̀nà fún ẹṣin tó ń fa ọkọ̀, wọ́n ní láti mú un gba orí òkè lọ, kí àwọn atukọ̀ tó dùbúlẹ̀, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ ti ògiri nínú òkùnkùn fún nǹkan bí wákàtí mẹ́ta.

Brindley kò rí òpin rẹ̀. Iṣẹ́ tó gbà pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Lọ́dún 1772, níbi tó ti ń wọn ilẹ̀ fún odò Caldon, òjò pa á, àìsàn sì dá a dùbúlẹ̀. Dókítà Erasmus Darwin ló rí i pé àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀. Ó kú lọ́jọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ó fi Anne, ìyàwó rẹ̀ tó fẹ́ ní ọmọ ọdún 19, sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin méjì.

Àna rẹ̀, Hugh Henshall, ló parí ihò náà lọ́dún 1777, ọdún kọkànlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1827, wọ́n ṣí èkejì tí Thomas Telford gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí ọkọ̀ ń gbà títí dòní. Ti Brindley ti di títì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, nítorí ilẹ̀ tó ń rì. Newchapel ni wọ́n sin òun fúnra rẹ̀ sí, kò jìnnà sí òkè náà.