Michael Faraday: Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Tó Wọ Inú Àgò Iná

Ẹni tó bá ń fi ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú kun irin nílé mọ ìyọnu kọ̀rọ̀. Ìbọn ọ̀dà máa ń fi agbára iná mànàmáná sára lẹ́búlẹ́bú náà, irin tí wọ́n fi wáyà so mọ́lẹ̀ á sì fà á mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni irin á wọ inú óófùn, níbi tí ooru tó tó nǹkan bí 200 lórí ìwọ̀n Celsius yóò ti yọ́ ọ̀dà náà, tí yóò sì le. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í fẹ́ wọ kọ̀rọ̀ irin. Orúkọ Michael Faraday ni àwọn oníṣẹ́ fi ń pe ìṣòro yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú tipẹ́ kí iṣẹ́ náà tó dáyé.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1791 ni wọ́n bí i ní Newington Butts, tó ti di ara Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, àìsàn kì í sì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìwé díẹ̀ ni Faraday kà. Ó di ọmọ ọdún 14, ó lọ kọ́ṣẹ́ ìwé dídì fún ọdún 7 lọ́dọ̀ George Riebau. Àwọn ìwé tí wọ́n ń gbé wá fún dídì ló ń kà, ibẹ̀ ló sì ti pàdé iná mànàmáná.

Ní 1812, oníbàárà kan fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Humphry Davy ní Royal Institution. Ó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ó dì í ní ìwé, ó fi ránṣẹ́ sí Davy. Nígbà tó di oṣù Kẹta 1813, Davy gbà á síṣẹ́. Ní 1831, ó fi hàn pé mágnẹ́ẹ̀tì tó ń rìn nítòsí wáyà lè mú iná jáde. Orí ìmọ̀ yẹn ni jẹnẹrétọ̀ dúró lé dòní.

Apá tó kan ẹ̀ka wa gan-an nìyí. Faraday ń rí ohun tí kò lórúkọ. Kò gbọ́ Gíríìkì, kò sì tijú láti béèrè. Ó kọ lẹ́tà sí William Whewell ní Cambridge. Lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀, títí tó fi gbé èyí tó ti rò tẹ́lẹ̀ jù sílẹ̀. Báyìí ni anode, cathode àti ion ṣe wọ èdè ní 1834. Ohun tó ń lọ ni ion túmọ̀ sí.

Ní 1836, ó kan àpótí ńlá kan tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, ó fi irin bò ó, ó sì wọnú rẹ̀ lọ. Iná ń ta pàrà lóde, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó fi wá iná nínú àpótí náà kò rí nǹkan kan. Ara òde ni agbára iná ń dúró sí. Ohun tó fara jọ ọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dà: etí irin a gba púpọ̀, kọ̀rọ̀ a gba díẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ fi máa ń dín agbára ìbọn kù, tàbí kí wọ́n kọ́kọ́ mú irin gbóná.

Wọ́n fi ipò ààrẹ Royal Society lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ, ọdún 1867.

Kí ni ká wá pe ìṣòro kọ̀rọ̀ yìí ní Yorùbá? Mo dábàá “àgò iná”. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá. Iṣẹ́ tí Whewell ṣe fún Faraday, iṣẹ́ wa ni.