Àjàyí Crowther: Ẹni tó bá wa ya "oko" sọ́tọ̀ kúrò lára "ọkọ"

Bí ọmọ yín bá kọ "oko" níbi tó yẹ kó kọ "ọkọ", ẹ má tíì na ọmọ o. Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà yẹn ní ìtàn, ìtàn náà ò sì ṣeé sọ kéèyàn má dárúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí Àjàyí sí Òṣoògùn. Lọ́dún 1821 ni ogun kó ìlú náà. Wọ́n mú òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí wọ́n fi kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Lóṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Sàró.

Ibẹ̀ ló ti mọ ìwé. Wọ́n ní lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé kíláàsì, ńṣe ló sáré lọ tọrọ owó lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀ kan, kó lè ra káàdì ABC tara rẹ̀.

Nígbà tó wá fẹ́ kọ Yorùbá sílẹ̀, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ò tó o lò. Ó gbé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó sì tún gbé èyí tó tóbi jù ú lọ jáde ní 1852. Òun àtàwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé ìró kan, lẹ́tà kan. Ni wọ́n bá fi àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Bí "owó" ṣe yàtọ̀ sí "ọwọ́" nìyẹn, tí "sá" ò sì jẹ́ "ṣá" mọ́.

Ní 1846, ó tún rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, l'Ábẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó sì kú l'Ékòó ní December 31, 1891.

Lónìí, orí fóònù ti sọ gbogbo wa di ẹni tí kì í fàmì sí nǹkan kan mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe "o" àti "ọ" sí ọmọ yín létí, kó rí i pé ẹnu ń là sí i tó bá kan "ọ". Ẹnu tó bá là, àmì ń bẹ lábẹ́ rẹ̀.