OSBORNE REYNOLDS, ẸNI TÍ Ó WÁDÌÍ BÍ OMI ṢE Ń ṢÀN

Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni kò mọ odò Ọ̀sẹ̀ ní agbègbè wa? Orúkọ odò yìí ni Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìfọ̀n, ń jẹ́. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò a máa lọ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ púpọ̀, odò a kún, omi a pọ́n, a máa ru, a sì máa yí bìrìbìrì. Kí ni ó dé tí omi kan náà fi ń lọ jẹ́jẹ́ nígbà kan, tí ó sì ń ru nígbà mìíràn? Ọkùnrin kan wà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Osborne Reynolds.

Ìgbà èwe rẹ̀

Ìlú Belfast ní ilẹ̀ Ireland ni a bí Reynolds sí, ní ọjọ́ 23, oṣù kẹjọ, ọdún 1842. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, ó sì tún jẹ́ olùkọ́. Bàbá yìí fẹ́ràn ìṣirò àti ẹ̀rọ púpọ̀, ọmọ rẹ̀ sì jọ ọ́. Ní ọdún 1861, Reynolds lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ó ń ṣe ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan kò tó, ó yẹ kí òun mọ ìṣirò pẹ̀lú. Nítorí náà, ó lọ sí Yunifásítì Cambridge, ó sì gboyè ní ọdún 1867.

Ní ọdún 1868, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ìlú Manchester. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà náà. Ọdún yẹn náà ni ó gbéyàwó, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún 1869. Ìbànújẹ́ ńlá ni èyí, síbẹ̀ Reynolds kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Omi àti aró

Ní ọdún 1883, Reynolds tẹ ìwé jáde lórí ìdánwò kan tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Ó kan àpótí gígùn kan tí ó ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì pọn omi kún un. Ó fi páìpù gíláàsì sínú omi náà, ó wá ń jẹ́ kí omi aláwọ̀ bí aró máa kán wọ inú páìpù náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí omi ń lọ jẹ́jẹ́, aró náà lọ tààrà bí òwú. Nígbà tí ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi sí i tí omi ń sáré, òwú aró náà já lójijì, ó yí bìrìbìrì, ó sì dàpọ̀ mọ́ gbogbo omi.

Reynolds ṣe ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó rí i pé nǹkan mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì: bí omi ṣe ń yára tó, bí páìpù ṣe fẹ̀ tó, àti bí ohun tí ń ṣàn ṣe ki tó. Ìdí nìyí tí oyin kì í fi í tètè ru bí omi. Ó fi ìṣirò so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di iye kan ṣoṣo. Bí iye náà kò bá tó nǹkan bí 2,000, omi inú páìpù a máa lọ jẹ́jẹ́. Orúkọ Reynolds ni a ń pe iye náà títí di òní.

Iṣẹ́ rẹ̀ àti kọ̀ǹpútà

Ní ọdún 1895, ó tún tẹ ìwé mìíràn jáde lórí omi tí ń ru. Ẹ wo àwọn ènìyàn ní ọjọ́ ọjà. Ẹnì kan yà sọ́tùn-ún, ẹnì kan yà sósì, ṣùgbọ́n gbogbo èrò lápapọ̀ ń lọ sí ọ̀nà ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Reynolds ṣe ya ìrìn omi lápapọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìyípo rẹ̀. Ìwé náà le tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi yé àwọn ọ̀mọ̀wé tí a fún láti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà ayé rẹ̀. Lónìí, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ a máa fi ìṣirò pín odò sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpótí kéékèèké. Kọ̀ǹpútà a wá fi ìlànà Reynolds ṣírò bí omi ṣe ń gba inú àpótí kọ̀ọ̀kan kọjá. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí omi lè ti wú ìdí afárá, kí a tó kọ́ afárá náà rárá.

Ìmọ̀ yìí ń gba ẹ̀mí là. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìlú Ìbàdàn. Omíyalé náà pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́. Kọ̀ǹpútà lè sọ ibi tí omi yóò gbà fún wa, ṣùgbọ́n kò lè bá wa kó pàǹtí kúrò lójú odò. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

Reynolds fẹ̀yìn tì ní ọdún 1905 nítorí àìlera. Ó kú ní ọjọ́ 21, oṣù kejì, ọdún 1912. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí gbogbo ènìyàn ń rí lójoojúmọ́ ni Reynolds tẹjú mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ máa béèrè ìdí ohun tí ẹ bá rí.

Dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Níbo ni a bí Osborne Reynolds sí, ní ọdún wo?
2. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí aró nígbà tí omi ń sáré?
3. Dárúkọ nǹkan mẹ́ta tí ó ń mú kí omi ru tàbí kí ó lọ jẹ́jẹ́.
4. Kí ni a lè ṣe kí odò má baà ya wọ ìlú wa?