Henry More àti Ibi tí Ẹ̀mí Wà

Ní ìlú Grantham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí Henry More sí ní ọdún 1614. Ẹ̀kọ́ Calvin ni baba rẹ̀ dì mú, ṣùgbọ́n láti ilé-ẹ̀kọ́ Eton ni ọmọ náà ti kọ̀ láti gbà pé Ọlọ́run dá àwọn kan fún ègbé. Ó wọ Christ's College ní Cambridge ní ọdún 1631, níbẹ̀ ni ó sì fi ṣe ibùgbé títí ó fi kú ní ọdún 1687. Wọ́n fi ipò gíga nínú ìjọ lọ̀ ọ́, kò gbà.

Ní ọdún 1648 ó kọ̀wé sí René Descartes, ọ̀mọ̀wé ọmọ Faransé tí ó ń gbé ní Holland nígbà náà. Ìyìn pọ̀ nínú ìwé náà, nítorí More fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ ọ́ lóminú. Descartes ní ara ni ohun tí ó gba àyè, ọkàn ni ohun tí ń ronú, tí kò sì gba àyè rárá. More rí i pé bí ẹ̀mí kò bá gba àyè, a jẹ́ pé kò sí níbì kankan. Ohun tí kò sì sí níbì kankan, kò sí náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí yé àwa tí à ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ju bí ó ti yé ọ̀pọ̀ òyìnbó lọ, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà, "wà", ni a fi ń sọ pé nǹkan ń bẹ, òun náà ni a sì fi ń sọ ibi tí ó wà.

Èrò More ni pé àti ara àti ẹ̀mí ni ó gba àyè. Ara kò jẹ́ kí ara mìíràn wọ inú òun, ṣùgbọ́n ó ṣeé gé sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀mí lè wọ inú ara, kò sì ṣeé gé. Descartes dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún 1649, wọn kò fẹnu kò, ikú sì mú un lọ ní ọdún 1650. Nínú ìwé tí More tẹ̀ jáde ní ọdún 1671, ó fi orúkọ kan pe àwọn tí ń tẹ̀lé Descartes, èyí tí a lè pè ní "Oní-kò-sí-níbì-kan". Ó tún ń kó ìtàn iwin jọ láti fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Lójú tiwa, ìyẹn dín iyì rẹ̀ kù.

Anne Conway ni ó bi í ní ìbéèrè tí ó le jù. Yunifásítì kì í gba obìnrin nígbà náà, nítorí náà ìwé ni More ń kọ sí i láti fi kọ́ ọ. Ẹ̀fọ́rí líle ń dà á láàmú láti ìgbà èwe. Bí ẹ̀mí bá ń la inú ara kọjá láìsí ìdènà, báwo ni ó ṣe di ara mú? Báwo ni ìrora ara ṣe ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ó parí rẹ̀ sí pé ara àti ẹ̀mí kì í ṣe oríṣi méjì rárá. Ó kú ní ọdún 1679, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ ní èdè Látìn ní ọdún 1690. More kò gba èrò náà, síbẹ̀ ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú fún ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀.