Madam C. J. Walker: Alágbàfọ̀ tó po ìpara irun nílé, tó sì di ọlọ́rọ̀

Ẹni tó bá gba Ìyánà-Ìpájà wọ Ẹ̀gbẹ́dá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ìpínlẹ̀ Èkó, yóò rí i pé iṣẹ́ irun kì í ṣe iṣẹ́ kékeré rárá. Bí àwọn onídìrí ṣe wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn obìnrin kan wà nínú ilé tí wọ́n ń yọ́ òrí, tí wọ́n ń da àdí àgbọn sí i, tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú agolo kéékèèké, tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn aládùúgbò. Àwọn kan máa ń fojú tín-ín-rín irú òwò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní owó ọbẹ̀ ni, pé kò lè gbé èèyàn débì kan. Ìtàn obìnrin tí a fẹ́ sọ yìí kò bá ọ̀rọ̀ wọn mu. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò nílẹ̀ Áfíríkà ni, inú ilé ni òun náà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Sarah Breedlove lorúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá, ọdún 1867 ni wọ́n bí i nínú oko òwú kan ní Delta, ìpínlẹ̀ Louisiana, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Owen ni bàbá rẹ̀, Minerva ni ìyá rẹ̀. Ẹrú ni àwọn méjèèjì nínú oko náà kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó parí lọ́dún 1865. Sarah ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ wọn tí wọ́n bí lẹ́yìn tí òmìnira dé. Ṣùgbọ́n òmìnira náà kò tíì yí ohun púpọ̀ padà. Inú oko kan náà ni wọ́n ṣì wà, òwú kan náà ni wọ́n ń já, òṣì kò sì kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ìyá Sarah kú, bàbá rẹ̀ náà tẹ̀ lé e. Ọmọ ọdún méje péré ni nígbà tó di ọmọ òrukàn. Ní ti ìwé kíkà, gbogbo ẹ̀kọ́ tó rí kọ́ ní kékeré kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ.

Ọ̀dọ̀ Louvenia, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló forí lé. Àwọn méjèèjì kó lọ sí ìlú Vicksburg ní ìpínlẹ̀ Mississippi, níbi tí Sarah ti ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí rorò mọ́ ọn gan-an. Kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni Sarah ṣe lọ sílé ọkọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Moses McWilliams lorúkọ ọkọ náà. Lọ́dún 1885 ni ó bí ọmọ kan ṣoṣo tó bí láyé, Lelia. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Moses kú. Sarah di opó pẹ̀lú ọmọ ọdún méjì lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò ju ẹni ogún ọdún lọ.

Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó gba ìlú St. Louis lọ, níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni òun rí ṣe níbẹ̀. Owó tó ń rí lójúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju dọ́là kan ààbọ̀ lọ. Ẹ má rò pé ẹ̀rọ ló fi ń fọ aṣọ o. Yóò pọn omi, yóò sè é, yóò fi ọṣẹ líle bo aṣọ nínú ọpọ́n, yóò sì tún lọ̀ ọ́. Nínú owó yìí náà ni ó ti ń tọ́jú pamọ́ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi rán Lelia lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìlú Knoxville. Ó fẹ́ ọkọ mìíràn lọ́dún 1894, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó náà kò tòrò, wọ́n sì pínyà.

Àsìkò yìí ni irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ dànù. Awọ orí rẹ̀ ń yún, ó ń bó, ojú ibì kan sì pá pátápátá. Kì í ṣe òun nìkan ni èyí ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ilé àwọn tálákà nígbà náà ni kò ní ẹ̀rọ omi nínú, nítorí náà wọn kì í fọ orí déédéé. Oúnjẹ wọn kò dára tó, ọṣẹ tí wọ́n sì ń lò le jù fún awọ orí. Ojú ń ti Sarah. Lójú tiwa nílẹ̀ Yorùbá, orí ni olórí ara, ẹni tí irun orí rẹ̀ bá bàjẹ́ kì í fẹ́ ṣí gèlè láwùjọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ rí lára obìnrin yìí pẹ̀lú.

Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà ní St. Louis tó ń jẹ́ Annie Turnbo, ẹni tí wọ́n wá mọ̀ sí Annie Malone lẹ́yìn náà. Òun náà ń ṣe ìpara irun, ó sì ń tà á láti ojúlé dé ojúlé. Sarah lo ọjà Annie, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a tà á. Ibẹ̀ ló ti mọ bí òwò náà ṣe ń lọ. Nígbà tó di ọdún 1905, ó kó lọ sí ìlú Denver ní ìpínlẹ̀ Colorado. Ìtàn sọ pé owó ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó dé ibẹ̀ kò ju dọ́là kan ààbọ̀ lọ. Ó ń ṣe iṣẹ́ kúùkù lọ́sàn-án, alẹ́ ló sì fi ń po ìpara tirẹ̀ nínú ilé.

Nígbà tí wọ́n bi í léèrè bó ṣe rí egbòogi náà, àlàyé tó ṣe ni pé ojú àlá ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ti fara hàn án, tó sọ ohun tí yóò pò pọ̀ fún un, àti pé ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ń rí lára àwọn nǹkan náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́ lè gbà á gbọ́. Ohun tó dájú ni pé àwọn èròjà inú rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Fásílíìnì wà nínú rẹ̀, ìda oyin wà níbẹ̀, àdí àgbọn wà níbẹ̀, imí ọjọ́ sì ni egbòogi inú rẹ̀ gan-an. Wọ́n wá fi lọ́fínńdà díẹ̀ sí i kí òórùn imí ọjọ́ má baà lé èèyàn sá. Ẹ̀yin àgbà tó ń ka ìwé ìròyìn yìí mọ imí ọjọ́ dáadáa, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn wa ti ń lò ó mọ́ ọṣẹ dúdú fún làpálàpá àti ara yíyún. Àwọn òyìnbó náà ti ń lò ó fún àrùn awọ ara kí wọ́n tó bí Sarah. Àǹfààní kan tún ni pé ọ̀rá àti ìda nìkan, tí kò lómi nínú, kì í tètè bàjẹ́. Ó ṣeé rọ sínú agolo, ó sì ṣeé fi ránṣẹ́ sọ́nà jíjìn.

Ṣùgbọ́n ìpara nìkan kọ́ ni ó ń tà. Ó ń kọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n máa fọ orí wọn déédéé, kí wọ́n fi ọwọ́ ra awọ orí dáadáa kí wọ́n tó fi ìpara sí i. Púpọ̀ nínú ìwòsàn náà wà nínú omi àti ìmọ́tótó.

Ní oṣù Kìíní, ọdún 1906, ó fẹ́ Charles Joseph Walker, ẹni tó mọ̀ nípa ìpolówó ọjà nínú ìwé ìròyìn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Madam C. J. Walker, orúkọ yìí náà ló sì wà lára agolo. Inú Annie Turnbo kò dùn. Ó ní ọjà òun ni wọ́n ń ṣe àfarawé, ó sì kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ kí wọ́n ṣọ́ra. Títí dòní ni àwọn èèyàn ṣì ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí a lè sọ ni pé imí ọjọ́ inú ìpara kì í ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, àti pé Annie ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà òwò náà han Sarah. Kò yẹ kí a gbàgbé orúkọ tirẹ̀ náà nígbà tí a bá ń yin Walker.

Madam Walker kò jókòó sójú kan. Ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wọ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fi irun ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́dún 1908, ó dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Pittsburgh tó fi orúkọ Lelia pè. Níbẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irun àti bí wọ́n ṣe ń ta ọjà rẹ̀. Lọ́dún 1910, ó kó lọ sí Indianapolis, ó sì kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá síbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló di aṣojú rẹ̀. Ẹ rántí pé lásìkò náà, iṣẹ́ tó wà fún obìnrin aláwọ̀ dúdú kò fi bẹ́ẹ̀ ju oko, aṣọ fífọ̀ àti ọmọ ọ̀dọ̀ lọ. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ Walker lè máa ná owó ara rẹ̀, kó sì rán ọmọ nílé ìwé. Èyí ló jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn ju ti ẹni tó kàn ń ta ìpara lọ.

Lọ́dún 1912, àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú ṣe ìpàdé ńlá kan ní Chicago. Booker T. Washington, àgbà ọ̀jẹ̀ láàárín wọn, ni alága. Wọ́n ní kí ó fún Madam Walker láàyè láti sọ̀rọ̀, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, obìnrin náà dìde fúnra rẹ̀ láàárín èrò, ó sì ro ìtàn ayé rẹ̀ láti oko òwú dé ìdí ọpọ́n aṣọ, àti láti ibẹ̀ dé ilé iṣẹ́ tó kọ́ sórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí ọdún yípo, Washington fúnra rẹ̀ ló pè é wá sórí pèpéle.

Àwọn kan bu ẹnu àtẹ́ lù ú pé ó ń kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ láti sọ irun wọn di ti òyìnbó, nítorí àwọn aṣojú rẹ̀ máa ń lo òòyà irin tí wọ́n gbé kaná láti na irun. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe òòyà náà gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń sọ. Òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ẹni tó ń na irun. Ó ní kí irun hù, kó sì ní ìlera, ni iṣẹ́ òun.

Nígbà tí owó dé, kò gbàgbé àwọn tó wà lẹ́yìn. Lọ́dún 1911, ó ṣèlérí ẹgbẹ̀rún dọ́là kan fún kíkọ́ ilé ẹgbẹ́ YMCA àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Lọ́dún 1917, ó kó àwọn aṣojú rẹ̀ tó lé ní igba jọ sí Philadelphia fún ìpàdé. Ọdún náà ló bá àwọn aṣáájú kan lọ sí ilé ìjọba ní Washington láti fẹjọ́ sùn nípa àwọn aláwọ̀ dúdú tí àwọn jàǹdùkú ń so rọ̀ mọ́ igi láìgbẹ́jọ́. Kó tó kú, ó ṣèlérí ẹgbẹ̀rún dọ́là márùn-ún fún ẹgbẹ́ NAACP láti bá ìwà ìkà náà jà.

Gbogbo èyí kò ṣàìní ohun tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti Charles Walker kọ ara wọn sílẹ̀ lọ́dún 1912. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra, àwọn dókítà ní kí ó sinmi, ṣùgbọ́n kò lè jókòó. Ọdún 1918 ni wọ́n parí ààfin tó kọ́ sí Irvington, lẹ́bàá odò Hudson ní ìpínlẹ̀ New York. Aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, Vertner Tandy, ló ya àwòrán ilé náà. Kò gbé inú rẹ̀ pẹ́. Ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, ọdún 1919 ló dágbére fáyé níbẹ̀, lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Àìsàn kíndìnrín tí ẹ̀jẹ̀ ríru fà ló pa á. Ọ̀pọ̀ ló ń pè é ní obìnrin àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó fọwọ́ ara rẹ̀ di olówó mílíọ̀nù dọ́là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun ìní tí wọ́n kà lẹ́yìn ikú rẹ̀ tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta dọ́là. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta èrè ilé iṣẹ́ náà máa lọ fún iṣẹ́ àánú. Lọ́dún 1998, ìjọba Amẹ́ríkà fi àwòrán rẹ̀ sórí sítáǹbù ìfìwéránṣẹ́.

Kí ni ìtàn yìí kan àwa tí a wà nílé? Àgbọn wà ní Àgbádárìgì, igi òrí wà ní Òkè-Ògùn àti ní apá àríwá ìpínlẹ̀ Kwara, oyin wà nínú igbó wa. Àwọn ará oko ló ń kó wọn wá, àwọn obìnrin bíi ti Ẹ̀gbẹ́dá ló sì ń sọ wọ́n di ìpara. Ẹ̀yin ìyá tó ní ọmọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe bẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹ kìlọ̀ fún un pé kó wọn ohun tó ń pò, nítorí imí ọjọ́ tó bá pọ̀ jù lè ba awọ orí jẹ́. Ẹ rán an létí pé kó mú ọjà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àjọ NAFDAC kó tó máa tà á ní gbangba. Ẹ sì sọ fún un pé kó kọ́ ẹlòmíràn. Agolo ìpara Madam Walker ti tán lórí àtẹ ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé kó tó di pé ó kú, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó kọ́ níṣẹ́ ṣì ń fi iṣẹ́ náà jẹun lẹ́yìn rẹ̀.