Mary McMillan (1880–1959): Olùkọ́ Àwọn Oníṣẹ́ Físíótẹ́rápì

Nínú ìtàn ìmọ̀ ìṣègùn, àwọn tí ó wo aláìsàn sàn pọ̀ lọ jàra ju àwọn tí ó jókòó kọ́ ẹlòmíràn ní ìwòsàn lọ. Mary McMillan ṣe méjèèjì. Iṣẹ́ físíótẹ́rápì ni ó yàn láàyò, ìyẹn ni fífi wíwọ́ ara, ooru, omi àti eré ìdárayá tọ́jú iṣan tí ó rọ àti oríkèé tí ó le.

Ìlú Hyde Park, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, ni a ti bí i ní ọdún 1880. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Liverpool, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìtọ́jú ara. Láti ọdún 1911 títí di 1915, ó bá Robert Jones, ògbóǹtarìgì oníṣègùn eegun, ṣiṣẹ́, ó sì kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó padà sí Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 1918, Ogun Àgbáyé Kìíní ń fi apá àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ogun ṣòfò. Dókítà lè di egbò, kí ó sì to eegun. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún kọ́ ẹsẹ̀ ní ìrìn? Iṣẹ́ oníṣẹ́ físíótẹ́rápì nìyí: kí ó mọ iṣan tí ó kùnà, kí ó mọ ìwọ̀n tí ó lè gbà lónìí, kí ó sì fi díẹ̀ kún un lọ́la. McMillan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ilé-ìwòsàn ológun Walter Reed ní Washington. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Nítorí náà ni ó ṣe lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Reed ní ìpínlẹ̀ Oregon, níbi tí ó ti kọ́ àwọn obìnrin bí igba (200) ní ìmọ̀ eegun àti iṣan, wíwọ́ ara àti eré ìdárayá fún ìwòsàn.

Ogun parí, àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ sì ń tú ká. Bí kò bá sí ìlànà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lè wọ́ ara yóò máa pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́. Ní ọdún 1921, ó tẹ ìwé ẹ̀kọ́ kan jáde. Ní ọdún yìí kan náà, 30 obìnrin péjọ ní New York láti dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. McMillan ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ náà wà títí di òní.

Ní ọdún 1932, ó lọ ṣiṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn tí ó wà ní Peking, ní ilẹ̀ Ṣáínà. Manila ni ó wà, tí ó ń darí bọ̀ wálé, nígbà tí ogun Japan ká a mọ́ ní ọdún 1941. Wọ́n sé e mọ́ àgọ́ ìgbèkùn Santo Tomas, lẹ́yìn náà ní Shanghai. Síbẹ̀, ó ń tọ́jú àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ìgbèkùn. Ọdún 1943 ni ó gba òmìnira. Ó jáde láyé ní ọdún 1959.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ọwọ́ McMillan fúnra rẹ̀ lè tọ́jú. Àwọn tí ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tọ́jú kò lóǹkà.