ALHAJI ABDUL MALIKI (1914–1969): ỌMỌ ÒKENE TÓ ṢOJÚ NÀÌJÍRÍÀ NÍ LONDON ÀTI PARIS

Ọ̀pọ̀ wa ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ àwọn Ìgbìrà mọ́ iṣẹ́ oko. Ọmọ Ìgbìrà kan wà tó jẹ́ pé aṣojú ìjọba ni, ìtàn rẹ̀ sì yẹ ní gbígbọ́ lọ́jọ́ òní.

Ọdún 1914 ni wọ́n bí Alhaji Abdul Maliki. Àtá Ìbúráhímù, tó jọba ilẹ̀ Ìgbìrà láti 1917 di 1954, ni bàbá rẹ̀. Láyé ìgbà náà, ẹ̀rù ilé ìwé ń ba àwọn òbí Mùsùlùmí. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán, nítorí ọmọ Mùsùlùmí púpọ̀ ló pààrọ̀ orúkọ ní ilé ìwé àwọn onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n Àtá kò torí èyí fọwọ́ lẹ́rán. Ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ní Katsina, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé òyìnbó àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn pọ̀.

Ní 1955, ìjọba Àríwá fi í ṣe Kọmíṣọ́nnà wọn ní London. Ní 1958, ó di ti Nàìjíríà lápapọ̀. Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, òun ni Háí Kọmíṣọ́nnà wa àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà níbẹ̀ di 1966, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilẹ̀ Faransé.

Iṣẹ́ Paris kò rọrùn rárá. Ní 1961, Nàìjíríà ti lé aṣojú Faransé lọ nítorí bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n ń dán wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní 1967, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ nílé. Ní oṣù Keje 1968, ìjọba De Gaulle kéde pé àwọn ará Biafra lẹ́tọ̀ọ́ láti pinnu ọ̀nà tí wọn yóò tọ̀. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Abdul Maliki ti ní láti máa gbẹnu sọ fún Nàìjíríà. Ó kú ní 1969. Oṣù Kìíní 1970 ni ogun tó parí. Ojú rẹ̀ kò rí i.

Ẹ̀yin olóore wa, orúkọ tó gbé ti Òkene lọ ni wọ́n fi pè é ní London, òun náà ni wọ́n fi pè é ní Paris. Bí a ti ń dáwó kọ́ mọ́ṣáláṣí, ẹ jẹ́ kí a rántí ìwé àwọn ọmọ tí yóò máa kírun nínú rẹ̀. Kí Ọlọ́hun forí jìn ín, kó fi Alùjánnà kẹ́ ẹ. Àmín.